Ìwé Ìdánwò Nìkan Kọ́ Ló Wà Lórí Pẹpẹ

Láti Agbówó, títì péré lèèyàn máa sọdá kó tó wọ Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí Ilé-ìkàwé Kenneth Dike wà. Síbẹ̀, ìwé ìdánwò nìkan ni ọ̀pọ̀ ń bá lọ síbẹ̀. Àdánù gbáà ni. Ẹni tó ka ìwé Fágúnwà ti 1938, tó wá gbà pé iwin àti àǹjọ̀nú nìkan ni ìtàn àròsọ Yorùbá mọ̀, kò tíì pàdé Lápàdé, ọlọ́pàá àná tó ń tọpa àwọn ọ̀daràn nínú Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ lọ́dún 1969. Kò sì tíì mọ wàhálà ìfẹ́ tó bá Àjàní, ọmọ yunifásítì, nínú Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Ìbàdàn yìí kan náà ni ẹgbẹ́ Mbari ti tẹ ewì Christopher Okigbo àti ìtàn Alex La Guma, ọmọ South Africa, lọ́dún 1962.

Àwọn kan á ní fóònù ti gba iṣẹ́ ilé-ìkàwé ṣe. Òótọ́ ni pé fóònù yá, àmọ́ ohun tí a bá béèrè ló sábà máa ń wá. Ta ni yóò béèrè ìwé tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí? Orí pẹpẹ lojú ti ń ṣèèṣì rí i. Àwọn mìíràn á ní ìdánwò ló ń fúnni ní iṣẹ́. Ìyẹn náà kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ka ju ohun tí wọ́n yàn fún un kì í pẹ́ kọ ìwé sílẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò. Kí àwọn ilé-ìwé Bódìjà àti Challenge ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, kí ọmọ fúnra rẹ̀ mú ìwé tó wù ú.