Ọmọ Tó Mọ Ọwọ́ Wẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ń wọ mọ́tò láti Ìbarà àti Pánṣẹ́kẹ́ lọ sí Alábàtà láràárọ̀ ni kò mọ̀ pé inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama ni yunifásítì tí wọ́n ń lọ ti ṣe ọmọ ọwọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ sílẹ̀ fún wa ní Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní ọdún 1988, ọgbà àtijọ́ ti Abeokuta Grammar School ní Ìsàlẹ̀ Ìgbẹ̀ìn ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì wà títí di ọdún 1997 tí wọ́n fi di ẹrù wọn lọ sí ilé ara wọn ní Alábàtà. Ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1908, tí Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kí ó tó padà wá ṣe ọ̀gá rẹ̀ láti 1932 títí di 1954, òun ni ó na ẹní fún yunifásítì, tí ó ní kí àlejò náà jókòó. Kì í sì í ṣe orí Ẹ̀gbá ni irú rẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ní 1932 tí mo wí yìí gan-an, inú ọgbà King's College ní Èkó ni Yaba Higher College ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó ní ilé tirẹ̀ ní Yábàá, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ Yábàá yẹn ni a kó lọ sí Ìbàdàn ní 1948 láti fi bẹ̀rẹ̀ University College.

Girama ti ṣe alágbàtọ́ fún yunifásítì rí ní ilẹ̀ yìí, kò sì sí ẹni tí ó pariwo. Ohun tí mo ń bèèrè lọ́sẹ̀ yìí ni pé kí ló dé tí yunifásítì kò fi lè gba ọmọ girama sínú ọgbà rẹ̀, kí ó jókòó sínú kíláàsì rẹ̀, kí ohun tí ó kọ́ níbẹ̀ sì wọ inú ìwé fún un ní ọ̀nà méjèèjì, kí ó kà sí ìwé-ẹ̀rí girama rẹ̀, kí ó sì kà sí ìwé-ẹ̀rí yunifásítì tí ó ń bọ̀ wá gbà.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti dán an wò. Ní ọdún 1974, nínú ọgbà LaGuardia Community College ní ìlú New York, wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí wọ́n pè ní Middle College. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe àwọn ọmọ tí orí wọn pé jù lọ ni wọ́n ṣà sínú rẹ̀; àwọn tí olùkọ́ ti ń mi orí sí ni, àwọn tí ó hàn gbangba pé wọn kò níí pẹ́ fi ìwé sílẹ̀. Èrò àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ni pé bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń rí àwọn tí ó fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ tí wọ́n gbé ìwé sábẹ́ abíyá, tí òun náà sì ń bá wọn wọ ilé ìkàwé kan náà, ojú yóò tì í láti sá. Ní 1985, ìpínlẹ̀ Minnesota ṣe òfin pé kí ọmọ girama lè lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí ìjọba sì san owó rẹ̀. Ní 2001, kọ́lẹ́ẹ̀jì Bard dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní New York níbi tí ọmọ ti ń fi ọdún mẹ́rin ṣe girama, tí ó sì ń bá a jáde pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí ọdún méjì ti kọ́lẹ́ẹ̀jì, láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ san kọ́bọ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé a ní irú rẹ̀ nílé. Wọn yóò tọ́ka sí International School tí ó ti wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn láti 1963, wọn yóò tọ́ka sí ti Yunifásítì Èkó, wọn yóò sì ní FUNAAB, Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ wa níhìn-ín, náà ní tirẹ̀. Mi ò bú ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyẹn, ọmọ gidi ni wọ́n ń kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó dáadáa: ògiri kan náà ni ó yí àwọn méjèèjì ká, ẹ̀kọ́ kò sì kan ara wọn. Ọmọ náà lè fi ọdún mẹ́fà gba iwájú láàbù yunifásítì kọjá láràárọ̀ láìmọ àwọ̀ ògiri inú rẹ̀, nítorí pé aládùúgbò lásán ni wọ́n, ẹni tí a jọ ń pín ojúlé tí a kò jọ ń jẹun. Ó sì kù síbi kan: ọmọ òṣìṣẹ́ yunifásítì àti ọmọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó owó ilé-ẹ̀kọ́ náà ni ó pọ̀ níbẹ̀, ọmọ alágbàfọ̀ ní Láfẹ́ńwá kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Nígbà kan rí, a ní afárá tí ń gbé ọmọ kọjá odò tí ó wà láàárín girama àti yunifásítì. Àwa tí a ti dàgbà díẹ̀ kò níí gbàgbé HSC, ọdún méjì tí ọmọ tí ó yege nínú ìdánwò ìparí girama fi ń jókòó ti ìwé tí ó le, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá máa dé yunifásítì, ọdún mẹ́ta péré ni yóò lò. Olùkọ́ HSC kì í bá ọmọ wí bí ọmọdé mọ́. Yóò gbé iṣẹ́ kalẹ̀, yóò sì jáde. Nígbà tí a gba ètò 6-3-3-4 ní 1982, a wó afárá náà, a sọ pé ọmọ yóò máa fò láti SS3 bọ́ sí yunifásítì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú JAMB tí a dá sílẹ̀ ní 1978 gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá tí yóò fi fò. Ọ̀pọ̀ ni ó bọ́ sínú odò. Ìgbà tí ó yá, àwọn yunifásítì fúnra wọn rí i pé nǹkan kù, wọ́n sì ń fi owó ta ohun tí a ti sọ nù: IJMB láti Saria, tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, àti JUPEB tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, èyí tí ọmọ ń fi ọdún kan ṣe, tí ó bá sì yege ó lè wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé òfin kò fàyè gbà á kí ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ṣáájú ìgbàwọlé jẹ́ iye kan ní yunifásítì. Ó ti fàyè gbà á. Ẹni tí ó bá ní owó ni ó fàyè gbà fún.

Ní ojú ọ̀nà tí ó sọ̀ kalẹ̀ láti GRA Ìbarà, ọmọbìnrin kan wà tí ó ń bá wọn ṣe POS lábẹ́ agbòòrùn aláwọ̀ ewé. Ó ti ṣe WAEC, ó sì yege. JAMB ni kò gbé e dé ibi tí ó fẹ́. Bí oníbàárà bá ti lọ, yóò fa ìwé ìbéèrè àtijọ́ kan jáde lábẹ́ ẹ̀rọ náà, ìwé tí etí rẹ̀ ti ká bí ewé àmàlà. Mo bi í léèrè nípa kẹ́mísìrì, nítorí ó ní nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe. Ó ka gbogbo ìṣísẹ̀ títíréṣọ̀n (titration) fún mi láìsinmi, bí a ṣe ń fọ bùrẹ́ẹ̀tì, bí a ṣe ń fi ojú kan ìlà, bí omi yóò ṣe yí àwọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo ní ẹ̀ẹ̀melòó ni ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ọjọ́ WAEC nìkan ni.” Láti ibi tí ó jókòó sí, Pólì Moshood Abiola ní Òjérè kò jìnnà, láàbù wà níbẹ̀, bùrẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, olùkọ́ tí yóò dúró tì í náà wà níbẹ̀. (Pólì yìí kan náà ni ìjọba sọ di yunifásítì ní 2017, tí ìjọba mìíràn sì tún sọ padà di pólì, ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní orúkọ tí ó ń jẹ́ lónìí, kí ilẹ̀ tó mọ́.)

Àwọn àgbà wa ní ọmọdé tí ó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Àwọn àgbà yìí kan náà ni wọ́n sì ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni àwọn tí kò fẹ́ kí ọmọ girama máa kẹ́kọ̀ọ́ nínú ọgbà pólì tàbí yunifásítì yóò fi dá mi lóhùn, mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, torí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ní 2024, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Tahir Mamman, ní ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ wọ yunifásítì. Kí ọdún náà tó parí, Tunji Alausa tí ó gba ipò rẹ̀ dá a padà sí 16. Ìjà lórí ọjọ́ orí ni wọ́n ń jà, ìjà náà kò sì kan ohun tí mo ń sọ, nítorí pé ọmọ tí mo ń sọ kì í sùn ní ilé akẹ́kọ̀ọ́. Ilé bàbá rẹ̀ ni yóò ti jáde, girama rẹ̀ ni yóò ti jẹ́ orúkọ láàárọ̀, yóò wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ dé Òjérè lọ́sàn-án, yóò sì padà sílé kí ìyá rẹ̀ tó tan iná oúnjẹ. Ó wà lábẹ́ òbí rẹ̀, ó sì ti ń fojú kan ohun tí ń bọ̀. Lójú tèmi, ewu rẹ̀ kéré sí ti ọmọ ọdún 16 tí a kó lọ sí ìlú tí kò mọ ẹnikẹ́ni, tí a ní kí ó máa dá ara rẹ̀ tọ́.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni ìyanṣẹ́lódì. Láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba fi ti ilẹ̀kùn, oṣù mẹ́jọ gbáko, àwọn ọmọ sì ń gba orí ara wọn kiri. Bí a bá so ọmọ SS3 mọ́ ọgbà bẹ́ẹ̀, tí ilẹ̀kùn sì tì, WAEC kò níí dúró dè é. Ẹni tí yóò bá ṣe ètò yìí ní láti kọ ọ́ sínú ìwé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀kọ́ WAEC ọmọ wà ní girama rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ bíi méjì nínú ti ọdún àkọ́kọ́ pólì ni yóò máa lọ ṣe lọ́hùn-ún, èyí tí ìdádúró rẹ̀ kò níí pa ìdánwò rẹ̀ lára. Kò sì yẹ kí olùkọ́ pólì máa ṣe é bí àánú. Owó rẹ̀ ni kí a san fún un.

Ibi owó yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dì mọ́ wa lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé bí a bá ní kí òbí máa san, àwọn ọmọ International School náà ni yóò tún kún inú rẹ̀. Nítorí náà ìjọba ìpínlẹ̀ ni kí ó san án, kí ó sì mú àwọn ọmọ láti ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan, kí ó tó àádọ́ta ní ọdún àkọ́kọ́, kí ó má sì jẹ́ ẹni tí ó gba ipò kìíní nìkan ni a ó mú. Kí a mú lára àwọn tí olùkọ́ ti ń mi orí sí, bí wọ́n ti ṣe ní LaGuardia. Pólì Òjérè jẹ́ ti ìpínlẹ̀, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba jẹ́ ti ìpínlẹ̀, Òkè-Mosàn, ibùjókòó ìjọba ìpínlẹ̀, ni gbogbo wọn ti ń gba àṣẹ. Kò sí Àbújá nínú rẹ̀, kò sì sí ìwé ẹ̀bẹ̀ kan tí ó ní láti kọjá odò Ògùn. Bí kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ bá pe ọ̀gá pólì àti àwọn ọ̀gá girama márùn-ún sí yàrá kan ṣáájú ìgbà tí wọn yóò kó àbá ìnáwó ọdún tí ń bọ̀ lọ síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, iye owó tí ó máa ná wọn yóò ti yọjú kí tíì tí wọ́n bá gbé fún wọn tó tutù.