Káàdì wúrà bààlúù: ṣé ó tó ohun tí oníṣòwò Bassila ń sáré lé?

Bí ọmọ Bassila tàbí Manigri bá ti ń wọ bààlúù lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta lọ́dún, kì í pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ káàdì: fàdákà, wúrà, àti èyí tó ga ju wúrà lọ, Platinum. Ẹni tó ní káàdì wúrà kì í tò sórí ìlà gígùn, wọ́n ń fi ẹrù kún ẹrù fún un, ó sì máa ń jókòó sí yàrá tútù tí oúnjẹ wà lọ́fẹ̀ẹ́ kó tó wọ bààlúù. Ó dáa lójú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè oníṣòwò ni pé: èló ni mo máa ná kí n tó dé ibẹ̀, kí sì ni èrè rẹ̀? Èrò tèmi ni pé fún èyí tó pọ̀ jù nínú wa, eré àsápajúdé ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Air France ń fò láti Kútọnu sí Paris, Flying Blue sì ni orúkọ ètò oníbàárà wọn. Láti ọdún 2018, àmì tí wọ́n ń pè ní XP ni wọ́n fi ń ka ipò èèyàn níbẹ̀. Ẹni tó jókòó sí àga olówó pọ́ọ́kú láti Kútọnu lọ sí Paris tààrà yóò gba XP 8. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 16. Káàdì fàdákà ń bèèrè 100 láàárín oṣù 12, ìyẹn àlọ-àbọ̀ 7. Láti fàdákà bọ́ sí wúrà, 180 mìíràn ni. Kò sì tán síbẹ̀ o. Lọ́dọọdún ni ẹ óò máa kó 180 jọ kí wọ́n má baà gba wúrà náà padà. Àlọ-àbọ̀ 12 nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣooṣù! Platinum ń bèèrè 300 lọ́dún, ìyẹn àlọ-àbọ̀ 19. Ta ló ń lọ sí Paris nígbà 19 lọ́dún ní ọjà Bassila?

Ẹnìkan lè ní, "Àga iwájú ni màá máa rà." Lóòótọ́, àga iwájú ń fúnni ní XP 48 fún àlọ-àbọ̀, ìrìn mẹ́rin sì tó láti di wúrà mú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra àga iwájú ti ra yàrá ìsinmi, ìlà kúkúrú àti ẹrù púpọ̀ mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kí ni káàdì tún fẹ́ ṣe fún un?

Ọgbọ́n ọjà ni gbogbo rẹ̀. Ní 1978, ìjọba Amẹ́ríkà yọwọ́ kúrò nínú dídá iye owó bààlúù, àwọn ilé-iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í du oníbàárà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní 1981, American Airlines gbé ètò AAdvantage jáde kí oníbàárà má baà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Obìnrin tó ń ta gàrí ní Manigri náà mọ ọgbọ́n yìí, ìdí nìyẹn tó fi ń bu èènì. Ṣùgbọ́n èènì ti ọjà, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń bù ú, ojú yín ló sì ń ṣe. Èènì ti bààlúù, ọ̀la ni, àwọn ló sì ń pinnu bí igbá ṣe máa tóbi tó. Ẹ má sì pè é ní èsúsú. Owó tí ẹ dá sínú èsúsú, tiyín ni. XP kò ṣeé tà, ọmọ yín kò sì lè jogún rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó máa dá aṣọ fún ni, tọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ọdún 1961 ni orílẹ̀-èdè wa, tó ń jẹ́ Dahomey nígbà náà, àtàwọn orílẹ̀-èdè mìíràn dá Air Afrique sílẹ̀. Ní 2002, ó kógbá sílé. Nigeria Airways tó bẹ̀rẹ̀ ní 1958 náà ti ìlẹ̀kùn ní 2003. Bó ti wù kí oníbàárà ṣe pàtàkì tó lọ́dọ̀ wọn, pàtàkì náà bá wọn lọ.

Káàdì kò sì gé ọ̀nà kúrú. Láti Bassila dé Kútọnu ju 300 kìlómítà lọ. Ẹni tó ní Platinum àti ẹni tí kò ní, inú takisí kan náà ni wọ́n jọ fún ara wọn pọ̀ sí, tí wọ́n jọ gba Bantè àti Savalou kọjá.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ìrìn tí èèyàn ń rìn kí káàdì má baà bọ́, nígbà tí oṣù 12 bá fẹ́ pé. Owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kì í ṣe kékeré. Bí àkókò kajú bá dé ní nǹkan bí oṣù kejì ọdún, ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni àgbẹ̀ ń tà fún. Káàdì wúrà kò ra àpò kajú kan.

N kò sọ pé kò sí ẹni tó yẹ fún o. Ẹni tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì, tàbí tí òwò rẹ̀ ń gbé e rìn lóṣooṣù, kó gbà á. Ẹrù tí wọ́n ń fi kún ẹrù wúlò fún ẹni tó ń kó òrí àti gàrí lọ fún àwọn ọmọ lókè òkun. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan lẹ ń wá, ẹ san owó àpò kan sí i lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ rìn. Ó dínwó ju kí ẹ fi ọdún kan lépa káàdì.

Ẹ forúkọ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí orúkọ náà bá ti páásípọ́ọ̀tì yín mu, kí ẹ sì máa fi nọ́ńbà yín sílẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí iye owó bá dọ́gba, ẹ dúró ti ilé-iṣẹ́ kan. Bí ti ẹlòmíì bá dínwó, ẹ wọ ti ẹlòmíì. Ẹ jẹ́ kí káàdì máa tẹ̀lé ìrìn yín. Ẹ má ṣe máa rìn tẹ̀lé káàdì.