Ẹ Fi Ọmọ Sílẹ̀, Ẹ Bi Onílé

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa, àwa ayálégbé tó tún jẹ́ òbí. Tí ọmọ ọdún mẹ́ta bá fi báírò ya mọ́tò sára ògiri pálọ̀, kì í ṣe ògiri ló ń dùn wá. Owó káṣọ̀n tó wà lọ́wọ́ onílé ló ń dùn wá. Torí owó yẹn la ṣe ń na ọmọ.

Àwa tí à ń kọ software mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Tí ètò tí a kọ bá dojú dé torí pé ẹni tó ń lò ó tẹ ohun tí a ò retí, a kì í bá onítọ̀hún jà. Àwa la ò ronú débẹ̀. Ta wá ni ò mọ̀ pé ọmọdé á kọ nǹkan sára ògiri? Onílé mọ̀, òun náà sáà bímọ. Síbẹ̀, emulsion tó ti fi omi là títí ló kùn sílé, èyí tó jẹ́ pé tí ẹ bá fi omi nù ún, ọ̀dà á bá àkísà lọ.

Àwọn tó kun kíláàsì tí a ti kàwé gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ilẹ̀ dé ìbàdí àgbàlagbà, ọ̀dà gloss tó ń dán ni wọ́n kùn. Òkè ló gba emulsion. Ọwọ́ ọmọdé ò kúkú tó pẹpẹ. Lára gloss, kréyọ́nì ò le: ìda ni. Omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti baking soda díẹ̀ lórí àkísà tútù á mú un kúrò. Báírò ń fẹ́ spirit tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì. Ẹ fi òwú tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jìnnà sí iná, ẹ má sì pò ó mọ́ bleach láéláé. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Tó bá jẹ́ marker lórí emulsion, ẹ má da ara yín láàmú. Spirit á kàn tàn án káàkiri ni. Tí wọ́n bá sì fi emulsion mìíràn bò ó lásán, á tún yọjú. Àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀dà olóròóró dí i. Ìyẹn ni onílé á ṣírò sórí wa.

Nílé tiwa, a na ọmọ lórí mọ́tò yẹn. Lọ́sẹ̀ kejì a ra ìwé ńlá àti kréyọ́nì fún un. Ó ṣí ìwé, ó mú kréyọ́nì pupa, ó wá ń wo ojú wa. Kò fi kan ìwé. Ọjọ́ mélòó kan ló fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Mọ́tò náà ṣì wà lára ògiri. A ò ní nù ún. Lọ́jọ́ tí a bá ń kó jáde, a ó pe onílé wá wò ó, a ó sì bi í irú ọ̀dà tó kùn.