Ìyá Àgbà, Ẹ Fi Orí Ọmọ Sílẹ̀!

Bí ẹ bá gbọ́ ariwo nínú yàrá kan ní Ladi-Lak ní ọjọ́ kejì tí wọ́n bímọ, tí ẹ̀rọ àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú ò tilẹ̀ jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ó lè jẹ́ pé orí ọmọ ni wọ́n ń jà sí. Kókó kan ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ó rọ̀ bí omi inú ọ̀rá. Ìyá ọkọ ti gbé omi ka iná, ó fẹ́ fi aṣọ inura gbígbóná tẹ̀ ẹ́ wọlé.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tẹ̀ ẹ́.”

“Ṣebí èmi ni mo tẹ orí ọkọ ẹ! Ṣé kò gún ni?”

Orí ọkọ gún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irú kókó yìí kì í ṣe ohun títẹ̀. Nígbà tí ọmọ ń bọ̀, pàápàá bí ìrọbí bá pẹ́ tàbí tí dókítà bá fi ẹ̀rọ fà á, iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré lè já lórí eegun agbárí. Ẹ̀jẹ̀ á wá dúró sáàárín eegun àti awọ tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó lè di ọjọ́ kejì kó tó yọ, ìyẹn ni wọ́n fi máa ń ní ẹnìkan ló já ọmọ lulẹ̀, tàbí pé ọwọ́ ayé ni. Ayé ò mọ̀ sí i! Ara ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò fa ẹ̀jẹ̀ náà padà, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè tó oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá sín gbẹ́rẹ́ sí i, tàbí tó fi abẹ́rẹ́ fà á, ọ̀nà ló là fún àrùn.

Ojú ọmọ gan-an ló yẹ kí ìyá àgbà máa wò. Ẹ̀jẹ̀ tó ń tú nínú kókó yẹn lè mú kí ojú àti ara ọmọ pupa rúsúrúsú. Ibà pọ́njú nìyẹn. Káńfọ̀ tí wọ́n ń kó sáàárín aṣọ ọmọ tún máa ń dá kún un, nítorí nǹkan bí ọmọkùnrin 1 nínú 5 láàárín Yorùbá ló ní irú ẹ̀jẹ̀ tí káńfọ̀ ń bà jẹ́. Bí ibà náà bá wọ ọpọlọ, ó lè di ọmọ létí, ó lè sọ ọ́ di arọ, ó lè pa á. Oòrùn àárọ̀ àti omi glúkóòsì ò tó o. Ọsibítù Ìjọba ní Gbàgádà ò jìnnà, ọjà lè dúró.

Bí kókó bá ń tóbi sí i, tó wú ká gbogbo orí dé ọrùn, tí ara ọmọ sì funfun, ẹ má dúró de owó àjọ, ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni bó bá pọ́n tó ń gbóná, bí ọmọ ò bá mu ọmú, tó ń bì, tó ń sùn jù, tí gìrì mú un, tàbí tí ibi rírọ̀ àárín orí bá wú sókè nígbà tí kò sunkún. Ọmọ tó bá sì já lulẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì tí orí rẹ̀ wú, dókítà gbọ́dọ̀ rí i lọ́jọ́ náà.

Omi tí ìyá ọkọ gbé ka iná ńkọ́? Kó fi po ògì fún ìyá ọmọ.