Ẹ Jẹ́ Kí Ẹni Tí Ó Jagun Kó Ìkógun Rẹ̀

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2014 ni ilé iṣẹ́ Blizzard, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní ìlú Irvine ní ìpínlẹ̀ California, ti ilé gbàǹjo tí ó kọ́ sínú Diablo III, eré ogun orí íntánẹ́ẹ̀tì, pa pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni kò tí ì pé ọdún méjì tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí fi dọ́là gidi ná ọjà náà. Ẹni tí kò mọ bí irú eré bẹ́ẹ̀ ti rí lè béèrè pé kí ni ó kàn wá nínú ọjà tí wọ́n tì ní òkè òkun, tí ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ kì í sì ṣe ohun tí a lè fọwọ́ bà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń fi òru ṣe eré náà nínú yàrá wọn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni, nítorí pé ó kan ẹnikẹ́ni tí ó fi òógùn ojú ara rẹ̀ wá ohun rere, tí ó wá débẹ̀ tí ó bá a pé olówó ti ṣíwájú òun dé.

Akọni ni ẹni tí ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ ń jẹ́, a-wọ-ihò-àpáta-má-wẹ̀yìn, tí ń kojú iwin, ànjọ̀nú àti òkú tí ó jí dìde. Bí ó bá sì ti ń pa wọ́n ni ẹrù ń bọ́ sílẹ̀ lára wọn, wúrà, akoto, asà, idà àti òrùka, tí orúkọ ẹrù kọ̀ọ̀kan yóò yọ lójú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àwọ̀ tí ó bá iyì rẹ̀ mu: àwọ̀ aró fún èyí tí ó ní oògùn díẹ̀ nínú, àwọ̀ ìyeyè fún èyí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọ̀ wúrà fún àràmàǹdà tí ènìyàn lè wá fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó má rí i. Kèké ni kọ̀ǹpútà ń ṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, bí àwọn tí ó ṣe eré náà sì ṣe díwọ̀n kèké yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lé. Mo ti jókòó ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣe Diablo II, tí ó ń pa Mephisto, Olúwa Ìkórìíra, tí ó ń jáde, tí ó sì tún ń padà wọlé lọ pa á. Ojú rẹ̀ kò kúrò níbi tí òkú náà ń ṣubú sí, nígbà tí lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kan sì yọ láàrin àwọn ẹrù yẹpẹrẹ, ó ti dìde dúró kí ó tó mọ̀ pé òun dìde. Àwọn baba wa ní ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Ìyà dídùn ni ìyà yìí, kò sì sí ẹni tí ó lè bá ẹlòmíràn rà á.

Ṣùgbọ́n níbi tí ẹni méjì bá ti pàdé, tí ọ̀kan ní idà tí kò bá a lọ́wọ́ mu, tí èkejì sì ní asà tí kò wúlò fún un, ọjà ti dé nìyẹn. Nínú Diablo II tí ó jáde ní ọdún 2000, wúrà pọ̀ bí erùpẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òfin eré náà kò jẹ́ kí ènìyàn rù ju ìwọ̀n kan lọ, nítorí náà àwọn tí ń ṣeré fúnra wọn fi òrùka kan tí ń jẹ́ Stone of Jordan ṣe owó, nítorí pé kì í gbàyè nínú àpò, kò sì sí irú akọni tí kò wúlò fún. Kò pẹ́ tí àwọn oníjìbìtì fi mọ bí a ti ń sọ òrùka kan di méjì àti bí a ti ń sọ méjì di ẹgbẹ̀rún, ohun tí ó sì bá òrùka náà kò yàtọ̀ sí ohun tí ó bá owó ẹyọ wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn oníṣòwò ará Hamburg ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹyọ Zanzibar wá sí Èkó, títí òkẹ́ owó tí ń la alárù lóòógùn fi di ohun tí kò lè ra nǹkan kan gúnmọ́ mọ́. Ní ọdún 2003, àwọn tí ó ni eré náà dá ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ràn gidigidi: wọ́n ní bí a bá ta òrùka náà tó iye kan fún àwọn oníṣòwò inú eré, ẹ̀dà Diablo fúnra rẹ̀, ànjọ̀nú tí eré náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, yóò jáde wá jà, ẹni tí ó bá sì ṣẹ́gun rẹ̀ yóò gba ohun iyebíye. Báyìí ni àìmọye ayédèrú òrùka ṣe ń di àwátì, tí ẹni tí ń sọ ọ́ nù sì ń dúpẹ́.

Nígbà tí Diablo III wá jáde ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 2012, ilé iṣẹ́ Blizzard rò pé kàkà kí àwọn gbájúẹ̀ máa lu àwọn oníbàárà òun ní jìbìtì ní ìta, òun yóò ṣí ilé gbàǹjo náà sábẹ́ òrùlé ara òun. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n dọ́là kan ni ilé iṣẹ́ náà ń gbà lórí idà tàbí ẹ̀wù irin kọ̀ọ̀kan tí ó bá tà, ó sì tún ń gba ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún bí olùtajà bá fẹ́ kó owó rẹ̀ gba PayPal. Bí ohun rere tí ẹnì kan rí bá sì lè dé ọwọ́ ẹni gbogbo lójú ẹsẹ̀, dandan ni kí a há ọwọ́ kèké mọ́ra, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ènìyàn yóò di ọlọ́lá láàrin ọ̀sẹ̀ kan, eré yóò sì tán. Ìyà rẹ̀ jẹ ẹni tí kò fẹ́ lọ sọ́jà. Jagunjagun tí agbára apá ni iṣẹ́ rẹ̀ yóò jà títí di òwúrọ̀, ohun tí yóò bọ́ sílẹ̀ fún un yóò jẹ́ ọ̀pá idán tí oṣó nìkan lè lò, kò sì sí ohun tí ó kù fún un ju kí ó gbé e lọ sí gbàǹjo. Jay Wilson, ẹni tí ó darí iṣẹ́ eré náà, sọ ní gbangba ní ọdún 2013 pé gbàǹjo náà pa eré náà lára. N kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹrù há ènìyàn kí ọjà lè tà; ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó ń gba owó lórí ọjà kò yẹ ní ẹni tí kèké wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ bí ojúmọ́, ìfura kò ní kúrò lára rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2014 ni wọ́n tún kèké náà ṣe: ẹrù tí ń bọ́ dín kù níye, ó sàn sí i, ó sì ń bá irú akọni tí ó jà mu. Ayọ̀ padà dé. Síbẹ̀, wọ́n fi àṣejù tọ́ àṣejù, nítorí pé àràmàǹdà tí o bá rí di tìrẹ títí láé, àfi àwọn tí ẹ jọ wà lójú ogun náà nìkan ni o lè fi ta lọ́rẹ, láàrin wákàtí méjì. Ọmọ ìyá rẹ tí ó ti sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà kò lè jàǹfààní rẹ̀. Èyí dùn mí, nítorí pé ìfúnni wà lára adùn eré.

Ilé iṣẹ́ Grinding Gear Games ní Auckland, ní ilẹ̀ New Zealand, gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí Path of Exile wọn jáde ní ọdún 2013, wọn kò fi wúrà sí i rárá. Òkúta tí a fi ń pa ohun ìjà dà ni owó ibẹ̀, ẹni tí ó bá sì ná an sórí idà rẹ̀ ti sọ ọ́ di àwátì, kò sí pé ó ń gbá jọ títí yóò fi di yẹpẹrẹ. Ọgbọ́n àgbà ni. Ní ọdún 2017, wọ́n jẹ́wọ́ pé ńṣe ni àwọn mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí òwò ṣòro díẹ̀, kí àwọn má baà ní láti dín ẹrù kù. Òtítọ́ ni wọ́n sọ, mo sì yìn wọ́n fún un, ṣùgbọ́n ta ni ìnira náà já lé? Ẹni tí ó ń kọ̀wé sí olùtajà mẹ́wàá nígbà náà tí ẹnì kan kò dá a lóhùn ni, àti ọmọ Ìbàdàn tí dátà rẹ̀ ń jó lọ níbi tí ó ti ń dúró.

Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí, Last Epoch, tí ó jáde ní kíkún ní oṣù kejì ọdún 2024, ni ó súnmọ́ ẹ̀tọ́ jù lọ. Ẹgbẹ́ méjì ni wọ́n dá sílẹ̀ nínú rẹ̀: ẹni tí ó bá wọ ẹgbẹ́ oníṣòwò lè rà, ó sì lè tà, ẹni tí ó bá wọ ẹgbẹ́ oríire kò lè tajà, ṣùgbọ́n ẹrù ń bọ́ fún un ju ti àwọn yòókù lọ. A kì í jẹ méjì lábà Àlàdé, wọ́n sì jẹ́ kí olúkúlùkù yan èyí tí ó wù ú. Kò sí ẹni tí ọjà ẹlòmíràn ń sọ di tálákà, nítorí pé kèké tirẹ̀ ni wọ́n ń ṣẹ́ fún un.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ní ọdún 2017 ni àṣẹ ìjọba ilẹ̀ Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pé kí àwọn tí ń ta àpótí oríire nínú eré máa kọ ọ́ síta bí ó ti ṣeé ṣe tó láti rí ohun kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀. Ẹrù tí a fi ogun gbà kò kéré sí èyí tí a fi owó rà. Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ lè wà lábẹ́ ewé o, ṣùgbọ́n ní eré tí ọjà bá wà nínú rẹ̀, kí àwọn tí ó ni ín kọ ìwọ̀n kèké wọn síta fún ẹrù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kéde ní ọjọ́ tí wọ́n bá yí i padà, kí ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ fi òru rẹ̀ jagun mọ ohun tí òun ń fi í wá.