Aago Wo Ló Yẹ Ọrùn-Ọwọ́ Olóṣèlú?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí olóṣèlú kan ṣe ń náwó, kó má wo ọkọ̀ rẹ̀ nìkan. Kó wo ọrùn-ọwọ́ rẹ̀. Agbádá lè jẹ́ àǹkárá lásán, kí aago tó ń yọ lábẹ́ apá rẹ̀ sì tó owó ilé. Nítorí náà, irú aago olówó ńlá tó yẹ kéèyàn máa wọ̀ lójoojúmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí nìkan.

Iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe púpọ̀ nínú àwọn aago wọ̀nyí fún. Submariner ti Rolex, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1953, wà fún àwọn tó ń wọ ìsàlẹ̀ òkun. Speedmaster ti Omega bá àwọn ará Amẹ́ríkà dé orí òṣùpá ní 1969. Audemars Piguet ló yí ọ̀rọ̀ padà ní 1972 pẹ̀lú Royal Oak tí Gérald Genta yàwòrán rẹ̀: irin ni, síbẹ̀ owó rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ aago oníwúrà lọ. Genta kan náà ló ya Nautilus fún Patek Philippe, tó jáde ní 1976. Láti ìgbà náà ni irin ti di ìbòjú fún ọrọ̀. Mẹ̀kúnnù wò ó, kò fura. Ẹgbẹ́ ẹni rí i, ó yí ìkíni padà. Ohun tó wu àwọn olóṣèlú wa nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn. (Kì í ṣe nítorí àkókò: Casio oníbátìrì lásán máa ń pa àkókò mọ́ jù wọ́n lọ.)

Ṣùgbọ́n aago ojoojúmọ́ a máa jẹ́rìí. Ní oṣù Kẹta 2024, àwọn ọlọ́pàá Peru já ilẹ̀kùn wọ ilé ààrẹ wọn, Dina Boluarte, ní Lima, wọ́n ń wá aago Rolex tí àwọn akọ̀ròyìn ti rí lọ́wọ́ rẹ̀ nínú fọ́tò. Ó kọ́kọ́ sọ pé èrè iṣẹ́ òun láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Nígbà tó yá, ó ní gómìnà Ayacucho, Wilfredo Oscorima, ló yá òun. Ọ̀rọ̀ ààbò tó mẹ́hẹ ni ilé aṣòfin fi yọ ọ́ nípò ní oṣù Kẹwàá 2025, ṣùgbọ́n orúkọ Rolex ti lẹ̀ mọ́ ọn kó tó dìgbà náà.

Lọ́dọ̀ tiwa, Òfin Orílẹ̀-èdè 1999 ní kí òṣìṣẹ́ ọba kéde gbogbo dúkìá rẹ̀ fún Code of Conduct Bureau. Ó tún ní ará ìlú lè yẹ ìwé náà wò, lábẹ́ ìlànà tí ilé aṣòfin àpapọ̀ bá là sílẹ̀. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni àjọ náà fi ń dá àwọn tó béèrè padà. Ilé hàn, ilẹ̀ hàn, àpò ìfowópamọ́ ṣeé tọpa. Aago ńkọ́? Ó lè bá èèyàn wọ bàálù lọ sí Dubai láìsí ẹni tó máa béèrè.

Ẹni tó fi òógùn rẹ̀ kówó jọ, tí kò sì di ipò ìjọba mú, Submariner ni kó rà. Ó lágbára, ó lè dé mítà 300 nínú omi, ó bá kóòtù àti agbádá mu. Speedmaster lẹ́wà, àmọ́ èyí tó dé òṣùpá ń fẹ́ kí a máa fi ọwọ́ wín in. Royal Oak tètè máa ń gba họrọ, owó rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ọkàn ẹni tó wọ̀ ọ́ balẹ̀ nínú èrò.

Fún mínísítà, sẹ́nétọ̀ tàbí gómìnà, Tudor ti tó. Hans Wilsdorf tó dá Rolex sílẹ̀ ló dá òun náà sílẹ̀, kí aago tó lágbára lè wà ní iye tó rọjú díẹ̀. Wọ́n á ní Tudor kì í ṣe Rolex. Òótọ́ ni; ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn. Síbẹ̀, òṣìṣẹ́ tó ń gba 70,000 náírà lóṣù yóò ṣiṣẹ́ ọdún mélòó kan kó tó rí owó rẹ̀, nítorí náà ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò bá gbé e, kó ra Seiko. Olóyè tó bá ta kú pé Submariner lòun fẹ́, kó wọ̀ ọ́, kí rìsíìtì rẹ̀ sì wà nínú fọ́ọ̀mù tí gbogbo wa lè kà kí ìbò 2027 tó dé.