Ẹ Jẹ́ Ká Yé Sun Ewé Gbígbẹ

Òjò àkọ́rọ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Síbẹ̀, láràárọ̀ la ń gbá ewé máńgòrò jọ, tá a ń ṣáná sí i. Èrò tèmi ni pé ká dáwọ́ ẹ̀ dúró.

Ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ lewé yẹn. Tá a bá sun ún, náítírójìn inú ẹ̀ á bá èéfín lọ, èéfín ọ̀hún á sì wọ kíláàsì bá àwọn tó ní ikọ́ fée. Ilẹ̀ tá a gbá kodoro ńkọ́? Òjò ńlá ni yóò wọ́ erùpẹ̀ ojú ẹ̀ lọ sí gọ́tà.

Ẹ jẹ́ ká tẹ́ ewé náà sí ìdí òdòdó wa. Yóò di omi mú, kò ní jẹ́ kí èpò ráyè, yóò sì jẹrà di ajílẹ̀. Níbi tá a bá gbin tẹ̀tẹ̀ sí, ká kọ́kọ́ wọ́ ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí hóró ẹ̀ lè hù. Kó tó ọ̀sẹ̀ 6, a ti ń já a.

Àwọn kan á ní ewé ń kó ejò wá. Òkìtì ni ejò ń sá sí. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ.

Ẹ̀yin prífẹ́ẹ̀tì, lọ́jọ́ tá a bá tún ń gbálẹ̀, ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ wá, ẹ fi ìṣáná sílẹ̀.